Yàrá Màmá Nínú Ilẹ̀ Olómi

Àbúrò mi Lawrence kì í rí òjò kó jókòó. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí ní Arákàlé, ní Àkúrẹ́ níbí, tí àwa tá a ní ìsọ̀ ń sáré kó ọjà wọlé, òun á ká ṣòkòtò sókè, á jáde lọ dúró ti gọ́tà, á máa wo bí omi ṣe ń lọ. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n á ní orí rẹ̀ ò pé. Mo ti bá obìnrin kan jà rí lórí ọ̀rọ̀ yẹn, níwájú ìsọ̀ mi gan-an, níbi tí mo ti ń ta ìṣó, ọ̀dà àti wáyà iná. Mo ní, "Ìwọ tí orí tìẹ pé, ṣé o ti ṣe ọ̀nà fún mọ́tò lábẹ́ òkun rí?" Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run wo àwa méjèèjì sàn.

Adéjọkẹ́ lorúkọ mi. Àwa méjì péré ni Ọlọ́run dá sí fún ìyá wa, èmi sì ni ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni Lawrence ń ṣe lókè òkun. Ó wà lára àwọn tó ń ya àwòrán ọ̀nà abẹ́ òkun, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà àwọn òyìnbó ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n sọ tiwọn. Iṣẹ́ kan tó ṣe ní Oǹdó ni mo fẹ́ sọ, iṣẹ́ tí kò fẹ̀ ju ibùsùn ẹnì kan lọ, òun ló sì le jù nínú gbogbo ohun tó ti fọwọ́ rẹ̀ ṣe láyé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ikú bàbá wa.

Oǹdó ni wọ́n ti bí wa, nínú ilé kan tó wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá odò kékeré kan. Bàbá wa, Tíṣà Silas, ló kọ́ ọ. Tíṣà ni, òun náà ló máa ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Ó mọ gírámà, ṣùgbọ́n kò mọ ilẹ̀ rà. Bí òjò bá ti rọ̀ dé oṣù kẹsàn-án, fi ọkọ́ ha ilẹ̀ ilé wa lásán, omi lo máa bá. Oṣù kẹsàn-án náà ni bàbá wa sì rí kú sí. Ẹni tó bá mọ Oǹdó mọ̀ pé iwájú ilé ẹni la ti ń sin onílé. Bó o bá ń rìn lọ ládùúgbò, sàréè tí wọ́n lẹ táìsì mọ́ lára lò ń kọjá láti ilé dé ilé, àwọn ọmọdé á jókòó lé e lórí, wọ́n á máa jẹ àgbàdo. Nítorí náà kò sẹ́ni tó ro ibòmíràn fún Tíṣà Silas. Iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́.

Omi sun. Wọ́n gbọ́n ọn, ó tún sun. Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, ń kàwé ìsìnkú, bọ́kẹ́ẹ̀tì ń lọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n wá sọ pósí kalẹ̀, pósí ò lọ. Ó léfòó. Ó ń mì síhìn-ín, ó ń mì sọ́hùn-ún, orí rẹ̀ lọ gbá ògiri ihò náà, gbì. Mo ṣì ń gbọ́ ọ dòní. Àbúrò bàbá wa, Adéyẹmí, tí àwa ń pè ní Bàbá Kékeré, òun àti ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ́lẹ̀ bá bẹ́ sínú ihò, wọ́n dúró lórí pósí náà tàwọn ti bàtà, kó lè rì, kí àwọn yòókù lè rọ́ yẹ̀pẹ̀ sí i. Ìyá wa já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó dì í mú, ó figbe ta.

"Adéyẹmí, sọ̀kalẹ̀ lórí ọkọ mi! Mo ní kó o sọ̀kalẹ̀ lórí ọkọ mi!"

Bàbá Kékeré ò sọ̀kalẹ̀. Kí ni kó ṣe? Bó bá kúrò, pósí á tún gbéra. Ó dúró síbẹ̀, ó ń sunkún, bàtà rẹ̀ wà lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ń rọ́ yẹ̀pẹ̀.

Lawrence ò tíì jáde ilé ìwé gírámà nígbà náà. Kò sunkún. Ìbéèrè ló ń bi kiri. "Kí ló dé tí pósí Dádì fi léfòó? Ṣebí ó wúwo. Ṣebí àwọn tó gbé e ń làágùn." Bàbá Kékeré ní ìfẹ́ ayé ni, pé Tíṣà ò tíì fẹ́ lọ. Fíkà ní kó máa gbàdúrà. Èmi gbá a létí, torí inú ń bí mi, òun ló sì sún mọ́ mi jù. Kò dákẹ́. Mo bá a lẹ́yìnkùlé tó ń ti agolo mílíìkì tó ṣófo mọ́ inú bàsíà omi, tí agolo ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ tó ń fò sókè.

Ọ̀dọ̀ mi ní Arákàlé ló gbé nígbà tó ń kàwé ẹnjiníà ní Àkúrẹ́. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Alágbàká níbẹ̀ náà, ó ń ya àwòrán gọ́tà àti afárá kéékèèké, kó tó rí ọ̀nà ìwé lọ sókè òkun. Nígbà tó kọ́kọ́ padà wálé, àwọn èèyàn ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe, mi ò sì mọ èyí tí mo fẹ́ wí. Mo fi í jókòó sórí gálọ́ọ̀nù ọ̀dà nínú ìsọ̀ mi, mo ní kó ṣàlàyé.

"Ẹ ń gbẹ́ ihò sábẹ́ òkun ni, àbí?"

"Àwọn kan ń gbẹ́ ihò, Àǹtí. Tiwa kọ́. Orí ilẹ̀ gbígbẹ la ti ń mọ tiwa."

Ó ní ègé ègé ni wọ́n ń mọ ọ̀nà náà létí òkun. Kọnkéré olírin ni gbogbo rẹ̀, ègé kan á gùn tó àdúgbò kan, àyè mọ́tò tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ á wà nínú rẹ̀. Wọ́n á dí orí rẹ̀ méjèèjì pa, wọ́n á jẹ́ kí òkun wọlé bá a, odidi ilé kọnkéré náà á sì léfòó. Ọkọ̀ ojú omi á fi okùn wọ́ ọ lọ sórí kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ sísàlẹ̀ òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa da omi sínú àwọn táǹkì tó wà nínú rẹ̀, á máa wúwo, á máa lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, títí á fi jókòó ti ègé tó ṣáájú rẹ̀. Rọ́bà ńlá wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á fa omi tó há sáàárín àwọn méjèèjì jáde, òkun tó wà lẹ́yìn á wá fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í, rọ́bà á fún pọ̀, ẹ̀kán omi kan ò ní ríbi gbà mọ́.

"Òkun fúnra rẹ̀ ló ń bá wa ti ilẹ̀kùn," ló wí.

Ó dùn mọ́ mi. Mo ní, "Ẹ̀rù kí ló wá ń bà yín jù níbẹ̀? Kí omi má wó o?"

"Kó má gbéra."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ilé kọnkéré? Lawrence, èmi ni mò ń ta irin o."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tó bá ṣófo nínú ni omi máa ń gbé, Àǹtí, kì báà tóbi tó òkè. Bá a bá da omi inú rẹ̀ nù lásán, á padà sókè. Nítorí náà bí omi ṣe ń jáde ni kọnkéré mìíràn ń wọlé sórí ilẹ̀ rẹ̀ láti rọ́pò omi. Pósí Dádì, àwọn ọkùnrin làágùn kí wọ́n tó gbé e. Omi gbé e, kò làágùn."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè ọjọ́ ìsìnkú ló ṣì ń bi láti ọjọ́ yìí. Òyìnbó kàn ń sanwó fún un pé kó máa bi í lọ ni.

Ìyá wa ò kúrò ní Oǹdó. Ní àràárọ̀ á fi ìgbálẹ̀ gbá orí sàréè ọkọ rẹ̀, á kí i, á sọ bí oorun ṣe rí fún un, á sì lọ gbé omi kaná. Bí òjò bá wá ń rọ̀, kì í lè jókòó, bíi Lawrence gẹ́lẹ́. Á dúró lójú fèrèsé, á máa wò ó. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá rẹ wà nínú omi, èmi wà lábẹ́ páànù." 

Kérésì kan, gbogbo wa wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, Màmá ń bó ọsàn. Kò gbójú sókè kúrò lára ọsàn náà tó fi ní, "Lawrence, ṣé lóòótọ́ ni pé mọ́tò ń gba abẹ́ òkun kọjá, tí omi ò ní ta sí i lára?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó dáa. Ẹ̀gbẹ́ òsì bàbá yín ni mo máa ń sùn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ sin mí sí. Mi ò fẹ́ omi níbẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lé mi lórí."

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní ká máà máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún, pé ṣebí itẹ́ òkú ìjọ wà lórí òkè, ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ táútáú. Màmá yíjú sí mi. "Kí n gba orí òkè lọ, kí n fi ọkọ mi sílẹ̀ nínú omi? Ìyàwó wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Mo ní bóyá ká kúkú gbé Dádì náà lọ sókè. Bàbá Kékeré, tó ti ń tòògbé lórí àga, lajú. "A kì í hú òkú níbí. Jókòó jẹ́ẹ́." Mo jókòó jẹ́ẹ́.

Lawrence dìde. Ó jáde lọ síwájú ilé, ó ń fi igi wọn ẹ̀gbẹ́ sàréè. Nígbà tó wọlé ó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí náà lòun máa kọ́ ọ, kí omi tó gorí ilẹ̀. Bí wọ́n bá dúró di ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, tó wá bọ́ sí ìgbà òjò, ohun tójú wa rí níjọ́sí lojú wa máa tún rí.

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. "Ṣé kó o gbẹ́ sàréè de ìyá rẹ ni, tó wà láàyè, tó ń bó ọsàn? Kí lará Oǹdó máa wí? Wọ́n á ní ó ti sú wa, pé à ń tì í lọ!"

Màmá ló dá mi lóhùn. "Adéjọkẹ́, ilé tìẹ ní Àkúrẹ́, ṣé ẹ̀yìn ìgbà tó o kó wọ ibẹ̀ tán lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ ọ ni?"

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Bí ìyá wa ṣe máa ń já èèyàn lẹ́nu nìyẹn.

Oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n ṣe é, ọyẹ́ ń fẹ́, odò ti fà sẹ́yìn, ilẹ̀ gbẹ. Èmi náà ni mo fún wọn ní irin àti wáyà, pẹ̀lú ìbínú. Ògiri rẹ̀ ò nípọn, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ pọ̀. Lawrence ò jẹ́ kí àwọn bíríkìlà dúró láti àárọ̀ títí wọ́n fi da kọnkéré náà parí, ó ní ibi tí wọ́n bá ti sinmi ni omi máa gbà wọlé. Màmá ló ń gún iyán fún wọn. Obìnrin yìí ń gbé oúnjẹ fún àwọn tó ń mọ ibojì rẹ̀, ó tún ń bá wọn jà pé igun kan ò gún. Lawrence mọ ọ́n jìn ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní àyè òkúta àti kọnkéré tó máa lọ sílẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tó gbẹ, Bàbá Kékeré gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Àṣà àwọn àgbà ni: a kì í fi sàréè sílẹ̀ lófo, kó má baà máa pe èèyàn. Lawrence ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà níta ná. Omi la máa fi dí i." Nígbà tí Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí wọ́n pọn omi kún un dé ẹnu. Wọ́n fi pákó àti páànù bò ó. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, omi yìí ni ẹrù tó máa mú un dúró. Bí òjò bá dé, ilẹ̀ máa kún. Bí inú rẹ̀ bá ṣófo, á gbéra. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́n ọn."

Mo ní, "Ṣé o ti sọ fún Màmá?"

Ó ní rárá.  Ẹnu ta ló gbà á kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé omi ló kún inú sàréè rẹ̀, ìyá tó jẹ́ pé omi náà ló ń sá fún? A dákẹ́ sí i. Bí a ṣe máa ń ṣe fún àgbà nìyẹn, a kì í kó ohun tó máa bà á lọ́kàn jẹ́ síwájú rẹ̀. Lawrence padà síbi iṣẹ́ rẹ̀, èmi padà sí Àkúrẹ́.

Nígbà tó di àárín ìgbà òjò, Màmá fẹ́ rí yàrá rẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀? Yàrá rẹ̀ ni. Ó ṣí páànù, ó rí omi, ó kún dẹ́nu. Kò pariwo. Ó pe Bàbá Kékeré. Ó ní, "Ọmọ mi ti gbìyànjú, ṣùgbọ́n omi ti borí rẹ̀. Má sọ fún un, kó má baà dùn ún lókè òkun níbẹ̀. Bá mi gbọ́n ọn." Ẹ ò rí nǹkan! Àwa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lára, òun náà ń bo ọ̀rọ̀ mọ́ wa lára. Bàbá Kékeré rò pé omi tí Lawrence dà síbẹ̀ ti gbẹ tipẹ́, pé ti òjò ni èyí. Ó gbọ́n ọn, ó nu ún gbẹ, ó gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀, ó sì bò ó padà. Kò sẹ́ni tó pè mí.

Òjò oṣù kẹsàn-án dé, ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù mi dún nínú ìsọ̀. Bàbá Kékeré ni.

"Adéjọkẹ́, máa bọ̀ o. Yàrá ìyá yín ti jáde."

"Ó jáde lọ síbo?"

"Máa bọ̀ ná."

Nígbà tí mọ́tò gbé mi dé Oǹdó, èrò ti pé síwájú ilé wa. Mo là wọ́n kọjá. Àpótí kọnkéré náà ti yọ lórí ilẹ̀, ó ṣe gẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó fara ti sàréè bàbá wa, táìsì ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ti là. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sùn sínú rẹ̀ bí ẹni tó wọkọ̀. Bí kì í bá ṣe ohun tí mo gbọ́, bóyá ǹ bá rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ló wí i lẹ́yìn mi, kò tilẹ̀ wí i jẹ́jẹ́.

"Ilẹ̀ kọ̀ ọ́."

Ẹni bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ìkà èèyàn ni ilẹ̀ máa ń kọ̀. Mo yíjú padà, mo bú u, mo bú ìran rẹ̀, mo ní ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kọ ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá ni mo rí lójú fèrèsé. Ó ti gbọ́.

Láti ọjọ́ náà kò jẹun mọ́. Ó dojú kọ ògiri. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, á ní, "Kí ni mo fi ṣe ilẹ̀? Mi ò jalè. Mi ò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí mo gbé sin, mo gbé wọn sin, mi ò bá Ọlọ́run jà. Kí ni mo ṣe?" Mo pe Lawrence, mo pariwo lé e lórí débi pé àwọn ará ilé kejì jáde. Mo ní kó wá mú àpótí rẹ̀, pé ìyá wa ń kú lọ, kì í sì í ṣe ikú ló ń pa á, ìtìjú ni.

Ó dé. Kò tíì gbé báàgì wọlé tó fi lọ dúró síwájú àpótí náà. Ó wo inú rẹ̀. "Ta ló gbọ́n omi?"

Bàbá Kékeré ní, "Màmá ní kí n gbọ́n ọn."

Lawrence jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, mo ṣírò òjò. Mo ṣírò ilẹ̀. Mo ṣírò ògiri. Mi ò ṣírò Màmá."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Mo ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Dìde."

Agbè ò fọ́ lóòótọ́. Ó fọwọ́ pa gbogbo ara àpótí náà, kò sí ibi tó sán. Ó wọlé lọ bá Màmá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ilẹ̀ ò kọ̀ yín. Ẹ ò sí níbẹ̀. Òfo ló wà níbẹ̀, omi ló sì gbé òfo."

"Èmi ni wọ́n ṣe é fún."

"Omi tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n dà á síbẹ̀. Òun ló ń di àpótí náà mú. Mi ò sọ fún yín. Ẹ má bínú."

Màmá kò yíjú. "Bó o ti sọ pé kò ní wọlé, ó wọlé. Bó o ti sọ pé kò ní jáde, ó jáde. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Kò bá a jiyàn. Ó ní, "Ẹ má gba èyíkéyìí gbọ́. Ẹ wá fojú yín rí i lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì ó ní kí àwọn bíríkìlà gbẹ́ kòtò náà padà, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Wọn ò gbọ́n omi jáde o, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Kòtò kún, àpótí náà sì léfòó lórí rẹ̀, ó dúró déédéé wàyí, ó ń mì fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ó so okùn mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fún àwọn ọkùnrin àdúgbò mú. Ó ń pàṣẹ fún wọn, "Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ fà á sọ́dọ̀ Dádì. Ó tó." Mo wá ń rí ohun tó ń ṣe lójú òkun, àyàfi pé kòtò wa ò ju balùwẹ̀ lọ. A gbé àga fún Màmá, a gbé e jáde, a fi aṣọ bò ó. Èrò tó wá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin ẹlẹ́nu ṣáṣá yẹn náà wà níbẹ̀, mo ń ṣọ́ ọ.

Bàbá Kékeré rí i pé àpótí ò tíì lọ sílẹ̀. Ó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé etí rẹ̀.

Lawrence àti Màmá jọ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ má dúró lé e!"

Bàbá Kékeré gbé ẹsẹ̀ náà padà kíákíá, bí ẹni tó tẹ iná. Ó kọjú sẹ́yìn, ó sì lọ dúró lẹ́yìn èrò.

Lawrence bu omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, ó gbé e wá síwájú Màmá. "Ẹ̀yin lẹ máa dà á. Bí ilẹ̀ bá kọ̀ yín, a ó rí i."

 Mo sọ lọ́kàn mi pé, bí èyí bá lọ kùnà lójú gbogbo ayé yìí, a ti pa á. Màmá wo omi náà. Omi tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ ìsìnkú ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ bù. Ó dìde, mo dì í mú lápá, ó dà á sínú àpótí. Àwọn bíríkìlà náà ń dà á tẹ̀lé e. Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Kò yára, kò ṣe gẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó ń lọ bí àgbàlagbà ṣe ń jókòó, títí tó fi kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa, ní apá òsì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó. "Ó gbà mí," ló wí. Ó wá yíjú sí èrò, ó tún un wí pé, "Ṣé ẹ rí i? Ó gbà mí." Omi bọ́ lójú mi, mi ò bò ó. Mo wá obìnrin yẹn títí, ó ti lọ.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni Màmá béèrè iyán.

Lawrence to òkúta sínú omi náà, sísàlẹ̀ àpótí, títí ó fi dá a lójú pé ó ti wúwo tó. Ó wá ní kí wọ́n gbọ́n omi, ó sì da kọnkéré lé òkúta náà lórí. Omi jáde, ẹrù wọlé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ó yẹ kó ti ṣe bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo sì sọ fún un. Ó ní, "Lọ́hùn-ún, kò sí ìyá ẹnikẹ́ni tó máa wá gbọ́n omi òkun." Bàbá Kékeré gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun síbẹ̀, Lawrence ò sì bá a jiyàn. Òjò rọ̀ tán lọ́dún náà, yàrá ò mira. Nígbàkigbà tó bá wu Màmá, á ṣí páànù, á wo inú rẹ̀, á bò ó padà. Bí mo bá pè é lórí fóònù nígbà òjò, mi ò ní tíì béèrè tó fi máa ní, "Ó gbẹ."

Ó bá wa jẹ Kérésì ọdún náà àti èyí tó tẹ̀lé e. Nígbà tó wá máa lọ, oṣù kẹsàn-án náà ni, bíi ti ọkọ rẹ̀. Ó sùn, kò jí.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ilẹ̀ iwájú ilé ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ lábẹ́ bàtà wa. Wọ́n ta tapólì sókè, wọ́n ṣí páànù, Lawrence bọ́ bàtà, ó sọ̀kalẹ̀ lọ gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ yàrá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì na ọwọ́ náà sókè sí mi. Eruku ló wà níbẹ̀. Mo di ọwọ́ náà mú, pẹ̀lú eruku rẹ̀, títí tó fi gòkè. Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ọjọ́ yẹn ló tó yé mi.

Fíkà kàwé. Wọ́n sọ pósí kalẹ̀. Mo di etí mi, mo ń retí ìró ọjọ́sí, gbì. Kò dún. Pósí jókòó. Wọ́n gbé ìdérí kọnkéré lé e, gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn.

Bàbá Kékeré dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, òjò ń pa á, kò gbà kí a fà á wọ abẹ́ tapólì. Ó ti darúgbó gan-an. Nígbà tí èrò ń túká, Lawrence lọ bá a. Mo tẹ̀lé e, torí mo rò pé ó fẹ́ ṣubú ni. Bàbá Kékeré ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó ní, "Lawrence, ìyá rẹ ní kí n sọ̀kalẹ̀ lórí ọkọ òun. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì sọ̀kalẹ̀."

Lawrence gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi èjìká ara rẹ̀ rọ́pò ọ̀pá náà.

"Ẹ ti sọ̀kalẹ̀ báyìí, Bàbá," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká wọlé."